Bàbá Ṣàfíù Kò Ta Ju Ogún Sẹ́kọ́ǹdù Lọ

Ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò ti Àbújá wá sí Yàbá, Bàbá Ṣàfíù fi àgádágodo ti fìríìsà abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú fìlà, ó jókòó tì í. Yéè! Bàbá fẹ́ pa wá!

Oníṣẹ́ fìríìjì ni Bàbá ní Ládìpọ̀ kí a tó gbà á síbi ìwádìí wa. Bí àwọn olùbẹ̀wò bá fọwọ́ síwèé àṣẹ wa lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ wa làwọn ọmọ wa á ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àjẹsára. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, òkè òkun ni wọ́n á tún máa lọ, ọ̀pọ̀ ò sì ní padà wálé mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i," ni Dókítà Munirah, ọ̀gá wa, ń bẹ̀bẹ̀.

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?" ni Bàbá bèèrè.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré," ni Dókítà Beulah, olórí àwọn olùbẹ̀wò, dáhùn.

"Márùn-ún kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni? Òtútù tó bá jáde kì í tètè padà. Sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá."

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ojú yín."

Dókítà Beulah gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Omi lé ròrò sójú Dókítà Munirah. Bàbá jẹ́ kí olùbẹ̀wò náà tẹ àbáwọlé gan-an kó tó pè é.

"Ó yá, ẹ padà wá. Ogún. Ó parí nìyẹn."

Dókítà Beulah bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọ Múṣin tó mọ ọjà ná lòun náà! Bàbá ṣílẹ̀kùn fìríìsà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Obìnrin náà gbé bíró lé páálí kan kó lè ka àkọlé rẹ̀ dáadáa. "Ogún!" Gbàgà! Bíró wà nínú.

"Ẹ wá mú un nígbà mìíràn," ni Bàbá wí. Bíró Dókítà Munirah ni wọ́n fi fọwọ́ síwèé.

A jó lọ́jọ́ náà! Láti ìgbà yẹn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá ò dá lóró. Taoheed, ọ̀mọ̀wé gidi, lo sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá ní kó lọ máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo, kó máa tì í, títí di ọ̀sán. Nílé pàápàá, ìyàwó Bàbá kì í mu omi tútù láìkà.

Bàbá papò dà lọ́dún yìí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Dókítà Beulah yọjú sí wa.

"Mo wá mú bíró mi. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Ogún," ni Dókítà Munirah wí. "Ó parí nìyẹn."

Ó ṣílẹ̀kùn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn tó wá láti Kánò àti Gánà náà ń kà á ní Yorùbá. Dókítà Beulah nawọ́ síbi bíró, ó dúró, ó fawọ́ padà. A ò tíì kà dé mẹ́wàá.

"Ẹ tètè tì í," ló wí, ó ń nu ojú. "Ẹ má jẹ́ kí òtútù Bàbá jáde."