Àwo Tèmi Lọ́tọ̀

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, inú àwo kan ṣoṣo lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti máa ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nílé mi ní Dowa, bí a bá ti kírun tán. Ní Jímọ̀ kan, wọ́n wọlé, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ àti ẹja bíbọ̀ tí kò ní ata ló wà níwájú mi. Ìyàwó mi ti bu ọbẹ̀ ata tiwọn sọ́tọ̀. Ojú wọn pọ́n.

"Kí la fẹ́ pín? Ṣé ilé bàbá wa ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìfun mi ló wú, ó ti dá egbò. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà. Dókítà ní kí n fi ata sílẹ̀ ná, kí n máa fi oúnjẹ kún oúnjẹ níkọ̀ọ̀kan, kí n ní sùúrù. Bí kò bá jinná, ó lè gé lára ìfun náà."

"Irọ́! O rò pé mo fẹ́ fi nǹkan sóúnjẹ fún ọ ni!"

Kí n tó mí, wọ́n ti fọ́ àwo mi mọ́ ògiri. Wọ́n fún mi lọ́rùn ẹ̀wù, wọ́n gbá mi létí, gbòlà! Ìyàwó mi figbe ta. Wọ́n ní bí n kò bá ní wọn sínú, kí n jẹ ọbẹ̀ náà níṣojú wọn.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ìkòkò là wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde nílé mi pé mo ń fura sí wọn. Mo jẹ ẹ́, mo lá ìka. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣó o rí i?"

Háà, inú! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, mo ń forí gbá ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, mo ń ké pe ìyá mi tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló já ilẹ̀kùn, tó gbé mi. Wọ́n fi mọ́tò wọn gbé mi sáré dé ilé ìwòsàn, wọ́n ń bú gbogbo ẹni tó dínà.

Dókítà kò gé ìfun mi. Ṣùgbọ́n gbogbo oúnjẹ tí mo ti fi sùúrù dán wò, ó dòfo. Ẹ̀kọ lásán ni mo tún padà sí. Mo sunkún, mo bú ẹ̀gbọ́n mi.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń bá mi jẹ ẹ̀kọ lásán náà ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣépè fún un, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, a lọ síbi ìkómọ kan ní Adjarra. Ara mi ti ń yá, kárọ́ọ̀tì tí mo fi kún oúnjẹ kò dà mí láàmú. Wọ́n gbé ẹran díndín aláta síwájú wa. Mo ní, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló lè ṣe? Ọwọ́ mi kò tíì dé ẹnu tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbá a, gbòsà! Ẹran fò sáàárín èrò.

Onílé bínú. "Ṣé ẹ̀ ń fura sóúnjẹ wa ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Àbúrò mi kì í jẹ ata. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó wá bá mi jà!"

Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí onílé bu ẹ̀kọ lásán wá, kó bù ú sínú àwo kan ṣoṣo fún àwa méjèèjì.