Ẹnu La Fi Ń Fa Ásíìdì

Mo júbà yín, ẹ̀yin akọni tí ń fi ẹnu fa ásíìdì láìwo ohun tí ẹ ń ṣe! Ẹ̀yin tí pìpẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá dígí tínrín tí wọ́n fi ń wọn omi, wà lẹ́nu yín bíi fèrè ààfin, tí ọwọ́ kan wà ní ìbàdí, tí ojú sì wà lára àwọn ọmọbìnrin. Kí ni sáyẹ́ǹsì ì bá dà láìsí yín?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Yábàá nígbà náà, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sínú pìpẹ́ẹ̀tì ti já tipẹ́, kò sẹ́ni tó ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n ló mọ ẹnu lò jù. Ẹ̀gbọ́n la ń pè é nítorí ó ti ṣe tíṣà, ó sì ti gbéyàwó, kó tó wá bá wa. Òun ló ń kọ́ wa pé ásíìdì dà bí alárù páákì Ìdó: bó bá ti bọ́ sínú omi, á gbé ẹrù rẹ̀, ìyẹn púrótọ́ọ̀nù, lé omi lórí. Bésì, irú bíi sódà, ló ń wá gba ẹrù náà. Bí wọ́n bá pàdé níwọ̀nba, ara tu gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó ń fa ásíìdì, kò wò ó. Ìdí pìpẹ́ẹ̀tì yọ kúrò nínú ásíìdì, afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ni èyí tó ti fà bá ta sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì.

"Yéè! Púrótọ́ọ̀nù ti wọ inú mi! Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ mi ní Múṣin o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tutọ́! Ẹ tutọ́!"

Kò gbọ́. Bésì ló ń wá, kó wá gba ẹrù. Ó gbé ìgò omi sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ó ti kàn án létè. Olùkọ́ wa, obìnrin tí kì í sáré rárá, sáré. Ó já ìgò náà gbà.

"Ṣé inú ara rẹ lo fẹ́ ti se ọṣẹ ni? Èyí ló máa bà ọ́ jẹ́! Omi ti pọ̀ nínú ásíìdì tó o mu yẹn. Ásíìdì tó ń mú kí oúnjẹ dà nínú ikùn rẹ kò rọ̀ jù ú lọ. Fi omi ṣan ẹnu rẹ, mu omi, jókòó."

"Mà, ṣé mi ò ní kú?"

"Fúnra rẹ ni wàá lọ kí ìyá ọmọ rẹ."

Ó jókòó, ó ń retí ikú. Ebi ló dé. Nígbà tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì, gbogbo wa mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde.

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà ti gbé ásíìdì mì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.