Awọ Tó Di Ọkọ Mi Mú

Kí ọkọ mi tó gun ọ̀pẹ, á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ igbà rẹ̀ yíká, á ní, "Má pa mí o." Igbà ló já mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn lóko Erunmu, tó fi já bọ́ kú. Nítorí náà, ó gé awọ màlúù, ó fi àdí pa á kó lè rọ̀, ó sì rán an mọ́ ibi tí ara ọ̀pẹ ti ń jẹ igbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí nǹkan ya lókè.

"Ìyàwó, kúrò nísàlẹ̀!"

"Kí ló dé?"

"Igbà ti já. Awọ nìkan ló dì mí mú."

Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kò lè tú ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.