Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n Lójú Awakọ̀ Tírélà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀n, tí ìyá mi ń múra láti lọ wẹ ọmọ fún un, bàbá mi ò gbà pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni bàálù máa fi gbé e débẹ̀ láti Ìkẹjà. Mo ṣí fóònù, mo fi hàn án pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà ni, ó lé díẹ̀.

"Irọ́ ni, àbẹ̀gì," ló wí. "Kánò ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń lò lọ́nà. Ṣé wọn kì í dúró jẹun ni? Ta ló ń bá wọn wo táyà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá a lẹ́bi. Tírélà ló fi tọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀ kí orúnkún tó ní kó sinmi. Liverpool Road lẹ́bàá pọ́ọ̀tù ló ti ń gbẹ́rù, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko rí lórí afárá Ìjọra, tó ń retí kí wọ́n jẹ́ kó wọ pọ́ọ̀tù. Ibi tó dúró sí yẹn, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé géètì kí ọbẹ̀ tó jinná. Lójú tirẹ̀, kìlómítà kì í sọ ìgbà téèyàn máa délé.

Ìyá mi lọ, ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Oṣù mẹ́ta ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá ti kírun àṣálẹ́ tán, á pè mí.

"Wákàtí mélòó lo pè é?"

"Mẹ́fà àbọ̀ ni, Bàbá."

"Láti ọ̀hún wá síbí ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

Bó bá di ọjọ́ kejì, á tún bi mí. Inú máa ń bí mi. Mo rò pé ogbó ló dé.

Nígbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé kì í béèrè ti àlọ mọ́, àfi ti àbọ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Marine Beach lọ wẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ti wọ iléèwé, ìyá àgbà ò tíì padà. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi, kò sì jẹ́ sọ ọ́ láéláé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Oṣù kẹta ku díẹ̀ kó pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pe fóònù bàbá mi, tó wà lórí sípíkà. Ó ní ibi iṣẹ́ ti ń pe òun padà, ẹ jọ̀ọ́, kí Màmá fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún un.

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. "Olówó orí mi, kí lẹ wí sí i?"

Bàbá mi wolẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò séwu níbí. Mò ń jẹun."

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo já fóònù gbà. "Màmá, ẹ má dá Bàbá lóhùn o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí iye wákàtí tó wà láti ọ̀dọ̀ yín wá síbí."

Bàbá mi nawọ́ sí fóònù, mo sún sẹ́yìn. Ọmọ ń sunkún lọ́hùn-ún, ìyá mi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Lójoojúmọ́?" ni ìyá mi bi mí.

"Lójoojúmọ́, Màmá."

Mo gbọ́ tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Gba ọmọ ẹ. Má fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì mi o."