Òrí Lára Kásẹ́ẹ̀tì Ìyàwó

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé wọ́n rò ó fún mi ni. Wọn ò rò ó fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló ṣe é, àfi ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ ìyàwó mi ló ṣe é, màá sì dé ibẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n máa bọ̀ lóko. Síbẹ̀, láyé ìgbà náà, láti Ṣakí títí dé Àgọ́-Àrẹ, kò sí rédíò tó kú tí mi ò lè jí. Tíṣà ń gbé tiẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì ń gbé tiẹ̀ wá. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá Rédíò, ẹ ǹlẹ́ o," èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún mi kí.

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà débi pé ètè gbogbo wa là. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí. Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n ti wá. Ìyá náà fi ìborùn di nǹkan kan, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin. Ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Mo tú ìborùn náà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe mú un, ó yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sí imú.

"Ìyá, kí lẹ fi pa á?"

"Òrí ni."

"Òrí?"

"Òrí tó dáa ni o, Ọ̀gá. Èmi fúnra mi ni mo sè é."

"Ta ló ní kí ẹ fi òrí pa kásẹ́ẹ̀tì?"

"Ó ń han ni," ni ìyá wí, bí ẹni pé èmi ni mi ò lóye. "Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń han. Ilẹ̀kùn wa ń han, mo fi òrí sí i, ó dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ bàbá wọn ń han, mo fi òrí sí i, ó dákẹ́. Orúnkún tèmi gan-an, òrí náà ni."

"Ìyá, kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe orúnkún."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà rèé. Lọ́dọ̀ wa, bí yìgì bá ku ọ̀la, ìyàwó á lọ káàkiri agboolé láti sun ẹkún ìyàwó. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, á sì ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí kò bá lè kì í, àwọn obìnrin ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi ní ọmọ-ọmọ. Nínú agboolé tiwọn, ìyá bàbá ọmọ yìí nìkan ló mọ oríkì náà dé òpin. Ọmọ yìí ti yá rédíò, ó sì ti gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀. Ní òjò tó kọjá, ìyá àgbà kú. Yìgì ku ọjọ́ mẹ́fà.

"Ibo lo kọ́ ọ dé?" ni mo bi í.

"Ìdajì ni, sà. Mo ti gbọ́ ìyókù, àmọ́ kò tíì wọ orí mi."

"Ẹ jókòó," ni mo wí. "Kí ládáànì tó pe Àlàásárì, ẹ ó ti gbà á lọ."

Ẹ wò ó, ó yẹ kí n kọ́kọ́ tú u. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí irú ẹni tí wọ́n wá bá. Mo fi àkísà nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo tì í sínú rédíò mi tó dára jù, mo tẹ̀ ẹ́. Ìdajì tó dúró sí náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìyá àgbà jáde, ó mọ́ gaara. Mo wo ojú àwọn méjèèjì, mo sì ń mi orí. Kò tíì pé ìlà méjì tí ohùn náà fi ń fà bíi ti ọ̀mùtí. Lẹ́yìn náà, gbrrr. Ó dákẹ́.

Nígbà tí mo ṣí i, téèpù ti wé mọ́ inú rédíò bí ìfun ewúrẹ́. Ó ti já sí méjì níbi kan, ó tún já níbòmíràn.

"Yéè!" ni ọmọ náà kígbe. "Ìyá àgbà mi tún kú!"

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, èmi kì í jẹ̀bi. Lọ́jọ́ náà mo jẹ̀bi. Ọkùnrin mélòó ló lè jẹ́wọ́ irú èyí?

Mo wá ń fa téèpù náà jáde nígbà tí ìyàwó mi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè ni wọ́n bí i sí. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ òwú láti kékeré. Ó dúró, ó wò mí.

"Baálé mi, ṣé màlúù lẹ so mọ́ ọn ni?"

"Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Kò kàn ọ́."

"Iṣẹ́ òwú ni. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

Mo gbé e kúrò. Ó tẹ́ ìró funfun rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó rán ẹnìkan lọ mú igi tí wọ́n ń ká òwú sí wá nílé. Kò fà á rárá. Ó ń gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, kókó náà sì ń tú fúnra rẹ̀. Ó fi òwú tó mọ́ sáàárín ìka méjì, ó ń jẹ́ kí téèpù gba àárín rẹ̀ kọjá, òrí ń kù sára òwú, téèpù ń lọ ká ara rẹ̀ sórí igi. Ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ jókòó tì í, ó ń ya òwú fún un. Àwọn méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Èmi? Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé ó dára.

Ní ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ padà sọ́wọ́ mi. Mo fi abẹ gé ibi tó ti bàjẹ́, mo fi sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Ṣùgbọ́n mo rí i pé dúdú ara téèpù ń ṣí sí mi lọ́wọ́. Mo pe ìyá náà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa sọ̀rọ̀," ni mo wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Torí náà, a ó gbà á sínú òmíràn."

Mo gbé rédíò méjì kojú ara wọn lórí tábìlì bíi tọkọtìyàwó tó ń jà. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, ìkejì á gbọ́. Mo ti fèrèsé. Mo lọ bẹ bàbá ẹlẹ́rọ ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Nítorí kí ni?"

"Ìyá àgbà kan tó ti kú fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó nu ọwọ́, ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ohùn jáde! "Ọmọ a-gbin-iṣu-sẹ́bàá-ọ̀nà, kí àlejò lè rí jẹ. Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-sílẹ̀-de-ẹni-òjò-ń-pa." Ìyá ìyàwó di ẹnu ara rẹ̀ mú. Níbi kan ohùn ń rì, mo fi ìka kékeré ran kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ lọ́wọ́ títí ó fi gbéra. Níbi kan ìyá àgbà wúkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Níbi kan ewúrẹ́ ké níta ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ohun tí mo lè ṣe, òun náà wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ní òpin, ìyá àgbà ní, "Ó tó. Pa á, kó má baà jẹ bátìrì." Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, téèpù já pátápátá. Ẹ̀rín àti ẹkún gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹlẹ́rọ ata ló sunkún jù. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì tuntun náà lọ sílé, ọmọ sì ń fi kọ́ oríkì tọ̀sán-tòru.

Lọ́jọ́ tí yìgì ku ọ̀la, èmi àti ìyàwó mi gun alùpùpù lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Iwájú ni mo jókòó sí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kì, ó ń lọ bí omi. Nígbà tó dé ibi ikọ́, òun náà wúkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ìyá àgbà nìyẹn!" ni àwọn obìnrin ilé kígbe. "Ìyá àgbà gan-an ni!"

Ó dé ibi ewúrẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀ kí ewúrẹ́ ké tán, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dé ibi tí mo fi abẹ gé kúrò, níbi tí kò sí ohun kankan mọ́. Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú. Àwọn obìnrin ilé na ọrùn. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní:

"Ọmọ a-fòrí-pa-kásẹ́ẹ̀tì, kó má baà han létí àna!"

Agboolé dàrú. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì fún ẹ̀rín. Wọ́n ní kó tún un kì, ó tún un kì. Mo gbọ́ pé ó ti di ara oríkì wọn báyìí.

Ohun tó sọnù nìyí. Ọmọ náà ló ka iye rẹ̀ fún mi, torí òun ló ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì wọ orí rẹ̀. Ìlà mẹ́rin nínú oríkì. Ẹ̀rín kan tí ìyá àgbà rín láàárín wọn. Nínú ìlà mẹ́rin náà, òrí ló jẹ méjì. Èmi ni mo jẹ méjì, àti ẹ̀rín náà.