Iná Tí Kì Í Pa Ni Lẹ́kún: Bí Èmi àti Ìyá Mi Ṣe Lọ sí Oǹdó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá nígbà tí ìyá mi fi ọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n dìde, pé ẹni tó bá fẹ́ dé Oǹdó kí oòrùn tó mú kì í sùn di àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ti wá sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlú-Àbò láti ìrọ̀lẹ́ àná, nítorí Àkúrẹ́ ni èmi ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa jáde. Ìyá mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní àdúgbò rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà kan náà ni gbogbo wọn ti ń bó ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yan án. Láyé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oko ló yí wọn ká. Ní báyìí, ilé ló yí wọn ká. Òkìtì èèpo ń rà, ó ń rùn, èéfín igi sì ń wọ yàrá àwọn onílé. Bàbá Adétúlà, tí ilé rẹ̀ sún mọ́ wọn jù, kó àwọn ará àdúgbò lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ wá ní bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí òórùn àti èéfín náà kí oṣù tó parí, kí wọ́n kó agbada wọn lọ síbòmíràn. Wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè kó o lọ.

Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Oǹdó, Yẹmisí lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni, ó ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di gáàsì tí wọ́n fi ń yan gàrí. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní ká wá fojú ara wa rí i.

"Iná láti inú èèpo tó ti rà," ni ìyá mi wí bó ṣe ń di ẹrù. "Bọ́lá, ìwé tí o kà yìí, ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ wò ó."

"Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ara mi ni mo máa gbé dání."

Ọ̀ọ̀lẹ̀ ló sè, ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní mọ́ínmọ́ín, ó fi ewé wé e, ó tò ó sínú kúlà. A gun ọ̀kadà jáde sí títì, a wọ takisí dé Àkúrẹ́, a sì bá ọkọ̀ Oǹdó tó ku èrò méjì. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìyá mi bi awakọ̀ pé kí ló gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ní epo ni. Ìyá mi ní epo kan náà ni gbogbo ayé fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dín kọ́bọ̀ kan.

Ọ̀nà náà kò burú títí a fi sún mọ́ Ọ̀wẹ̀nà, níbi tí kòtò ti pọ̀ débi pé ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń wá ẹ̀gbẹ́ kan náà gbà. Ìrì ṣì bo orí igi kòkó ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọkọ̀ agbégẹdú kan wà níwájú wa tó ń rìn bí ìgbín, a kò sì lè yà á sílẹ̀. Ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sáré bá wa pẹ̀lú òṣùùṣù ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ìyá mi sì ná ti ẹni mẹ́ta láì ra ti ẹnì kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á ni, pé ẹni tó rìnrìn àjò tí kò mọ iye ọjà, orí ìjókòó ló sùn sí.

Àwa ará Àkúrẹ́, ulé là ń pe ilé, uyán là ń pe iyán. Ti Oǹdó tún yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, àwọn obìnrin méjì kan ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, díẹ̀ ni mo gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ń mi orí bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló yé e. Ó ní ìyàwó ọmọ ẹnì kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ̀yin gbọ́ èdè Oǹdó ni?"

"Ojú wọn ni mo wò."

Yẹmisí ti rán ẹni tó máa gbé wa, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lékè. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wá, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀: wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kúrò, wọ́n fi mọ́tò oníná àti bátìrì sí i, pátákó tó ń gba iná lára oòrùn sì wà lórí rẹ̀ bí òrùlé. A jókòó, kẹ̀kẹ́ gbéra, a kò gbọ́ ìró kankan. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó ti ń lọ ni?"

"A ti kúrò ní gáréèjì, Màmá," ni Lékè fèsì.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin ìjọ, ohùn gíga. Mo rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ni.

"Bí n kò bá kọrin, àwọn ènìyàn kò ní mọ̀ pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo kọ́kọ́ ń fun fèrè, àwọn àgbà ń bínú. Ṣùgbọ́n ní Oǹdó yìí, ta ló máa bínú sí orin ìyìn?"

Lóòótọ́, bí a ti ń lọ, àwọn èèyàn ń yà fún wa, àwọn kan tilẹ̀ ń gbè é. Ìyá mi, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà ọmọge, kò lè mú un mọ́ra. Ó bọ́ sí i. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò mọ orin. Lékè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ ti òbúkọ kan kúrò láàárín ọ̀nà. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè kan, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra, ó wá dúró pátápátá.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Lékè wí. "Èrò ti pọ̀ jù láàárọ̀ yìí, oòrùn kò sì tíì mú."

"Ṣé àlejò ni yóò tún ti kẹ̀kẹ́?" ni ìyá mi bi í.

"Màmá, ẹ má ti nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa bá mi gbé orin."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gun òkè náà: èmi àti Lékè ń ti kẹ̀kẹ́, ìyá mi ń rìn níwájú pẹ̀lú kúlà ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dá orin. Ará Oǹdó tó rí wa lọ́jọ́ náà yóò rò pé ìwọ́de ìjọ kan ni.

Ẹ̀bá ìlú ni ọgbà Yẹmisí wà. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bàtà òjò, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi nínú ẹrẹ̀ láì wo ilẹ̀. Ìyá mi dáhùn, lẹ́yìn náà ló gbé imú sókè, ó fi ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́.

"Èèpo yín dà?"

"Ikùn ti jẹ ẹ́, Màmá."

Ikùn ni wọ́n ń pe ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ, tí wọ́n sì dé pa pinpin kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Èèpo tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti omi, wọn a dà á sí i láti ẹnu kan. Inú òkùnkùn níbẹ̀ ni yóò ti máa rà, gáàsì a máa jáde lára rẹ̀, páìpù a sì gbé e lọ sídìí agbada. Ohun tó bá ṣẹ́ kù a jáde láti ẹnu kejì, kò rùn mọ́, àwọn àgbẹ̀ ló ń wá gbé e lọ fi ṣe ajílẹ̀. Mo ti kọ nǹkan wọ̀nyí sójú pátákó fún àwọn ọmọ mi lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan páìpù rẹ̀.

Yẹmisí mú wa wọlé, ó gbé iyán síwájú wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ìgbín wà nínú rẹ̀. Ìyá mi bi í pé iná wo ló fi sè é. Yẹmisí ní iná Ikùn ni.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá mi wí. "Mo ti yó."

Kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ojú tì mí. Mo fi ẹsẹ̀ kàn án lábẹ́ tábìlì, ó sì rọra sọ sí mi létí pé, "Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi sè é, Bọ́lá."

Kò rọra tó. Yẹmisí gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, èmi gan-an ti la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó kàn dé ìkòkò padà ni.

"Kò burú, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Gàrí kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti fún dáadáa, ẹni tó yẹ kó yan án lọ síbi òkú ní Ìdànrè. Bó bá di ọ̀la, yóò ti kan jù."

Ìyá mi lè kọ iyán, ṣùgbọ́n kò lè jókòó kí gàrí máa bàjẹ́ lójú rẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi gbàjá, ó jókòó sídìí agbada. Yẹmisí ṣáná sí i. Iná náà ní àwọ̀ aró, kò ga, kò sì pariwo. Ìyá mi da gàrí sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi igbá rò ó. Láìpẹ́ ó ní ó ti gbóná jù. Yẹmisí yí nǹkan kékeré kan lára páìpù, iná sì relẹ̀.

"Ṣé bí mo bá ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ ni, Màmá."

Ó ní kí wọ́n tún gbé e sókè. Wọ́n gbé e sókè. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń fi ṣeré. Èmi jókòó sí òdìkejì agbada, mo ń wò ó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò rí ìyá mi nídìí gàrí rí kí ó má máa fi etí ìró nu ojú. Lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ là kedere, ó gbé e sókè, ó sì wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Bọ́lá."

"Màámi."

"O ti ń hu ewú."

Mo fi ọwọ́ kan orí mi. Yẹmisí yíjú sẹ́yìn kó má bàa rẹ́rìn-ín níwájú mi. Ìyá mi ń ro gàrí lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èéfín ni kì í jẹ́ kí n rí ẹni tó bá jókòó níwájú mi," ni ó wí. "Mo ti yan gàrí pẹ̀lú àwọn obìnrin kan títí wọ́n fi kú, n kò mọ̀ pé wọ́n ti ń darúgbó."

Nígbà tí gàrí jinná, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi Yẹmisí pé ìyókù iyán ńkọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ìgbín tèmi mọ́ ọn. Ọ̀ọ̀lẹ̀ tó gbé wá, ó kó gbogbo rẹ̀ fún Yẹmisí àti Lékè.

Yẹmisí kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún wa. Ó ní Ikùn kì í mú gáàsì wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bọ́ ọ, yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù lè parí kí iná tó dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èèpo yóò ti máa wọlẹ̀, òórùn yóò sì lọ. Ó ní bí àwọn obìnrin bá lè gbẹ́ ihò kí wọ́n sì wá iyanrìn, òun yóò wá fúnra òun.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí a kúrò ní Oǹdó. Lékè tún gbé wa dé gáréèjì. Oòrùn ti mú dáadáa, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì dúró níbì kankan. Ìyá mi sùn láti Bólórúndúró títí dé Àkúrẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Ìlú-Àbò. Àwọn obìnrin ti kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà, Bàbá Adétúlà náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ kọ́ àyà. Mo ti to àlàyé mi sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ iná tó ń gbọ́ràn, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ewú mi. Ó sọ òótọ́ fún wọn pé iná lè pẹ́ kó tó dé, pé òórùn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bàbá Adétúlà, ó ní kó bá àwọn bẹ baálẹ̀ fún àfikún ọjọ́ títí iná yóò fi dé.

Bàbá Adétúlà ronú. "Páìpù tí ẹ ń wí yìí, ṣé ó lè dé ilé ìdáná mi?"

"Ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá bá wa gbẹ́lẹ̀," ni ìyá mi fèsì.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìmọ̀ ni mo fẹ́ lọ bu wá fún ìyá mi ní Oǹdó. Kò sí ọ̀rọ̀ mi kan tó yí i lọ́kàn padà. Gàrí tó fẹ́ kan àti obìnrin tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ló ṣe é. Mo ń rò ó lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbé báàgì mi jáde láti padà sí Àkúrẹ́, nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn àtíbàbà. Bàbá Adétúlà ti bọ́ ẹ̀wù, ó ń làágùn, ihò ti dé e ní orúnkún. Ìyá mi dúró létí rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kò tíì fẹ̀ tó.