Àgbàdo Tí A Rò Pé Iyọ̀ Òkun Ló Ń Jó

Nígbà tí mo wà ní kékeré lẹ́bàá Ajah, iyanrìn funfun ló wà níwájú ilé wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Bí òjò bá ti dé, òkun a máa ru, Bàbá wa kì í lè gbé ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ jáde. Àgbàdo tí Ìyá mi gbìn sẹ́yìn ilé la máa ń jẹ títí omi á fi rọlẹ̀.

Lọ́dún kan, àmì pupa tín-tìn-tín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé rẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, ní atẹ́gùn òkun ló gbé iyọ̀ wá. Lọ́dọ̀ wa, iyọ̀ la máa ń dá lẹ́bi: páànù jò, iyọ̀ ni, ògiri ṣí, iyọ̀ ni. Bí a ṣe máa ń fi omi kànga ṣan àwọ̀n la ṣe ń ṣan àgbàdo, ewé kọ̀ọ̀kan, láràárọ̀. Bí ọwọ́ mi bá rọ, Ìyá àgbà á kan mí níkòó lórí: “Ọ̀lẹ! Ebi á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n.” Bí a ṣe ń ṣan án ló ń pupa sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti inú àgbàdo jáde, aṣọ iléèwé mi ti pọ́n. Ìyá mi na ọwọ́ ìgbátí sókè. “Ta ló ní kó o lọ jí epo lá?” Àfi bó ṣe rí i pé èjìká mi náà pọ́n. Ta ló ń fi èjìká lá epo? Ó fà mí padà sínú àgbàdo, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ewé kan. Ìró pọ́n. Ó yí ewé náà padà, kókó wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti bẹ́, eruku pupa ń dà jáde.

Ó ké sí Ìyá àgbà: “Màmá, ẹ wá wò ó. Iyọ̀ kì í sọ aṣọ di pupa.”

Ìyá àgbà fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. “Ẹ gbà mí! Kò mà níyọ̀!”

“Èbu ni, Màmá, bíi ti gàrí tómi kàn. Àwa la wá ń bomi rin ín!”

Bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ báyìí, eruku náà dìde nínú oòrùn bí èéfín, ó ń lọ jẹ́ẹ́ sórí àwọn ewé tó kù. Ohun tó kúnná débi pé mo fi ìka méjì ra á, n kò mọ̀ ọ́n lára, òun ló fẹ́ jẹ oúnjẹ ilé wa tán!

A ò ṣan ewé mọ́. A já èyí tó burú jù, a sun ún. Èyí tá a gbìn kẹ́yìn nìkan ló yọmọ, ọmọ kúkurú, òun la sì jẹ títí Bàbá fi padà sómi.

Lónìí, wọ́n ní irúgbìn wà tí àrùn yẹn kì í mú. Àwọn ọmọ mi á jẹ àgbàdo dé ìdajì, wọ́n á jù ú sí ewúrẹ́, inú mi sì ń dùn pé wọ́n yó. Lọ́dún tiwa yẹn, bí hóró kan bá já bọ́, Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá wa wá a nínú iyanrìn.